Ọ́ìlì wo ni kí n dà sínú ọkọ̀ mi? Bí a ṣe ń wo nọ́ńbà, lẹ́tà, ẹni tó ń tà á, kí a tó wo orúkọ

Bàbá mi ní Peugeot 504 kan, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Ilé epo BP kan ló ti máa ń ra ọ́ìlì sí i. Nígbà tó di 1979, ìjọba ológun gba BP lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ọ́ di African Petroleum. Wọ́n yọ bọ́ọ̀dù, wọ́n gbé òmíràn kọ́. Bàbá mi kò yẹsẹ̀. Títí tó fi ta ọkọ̀ náà, "AP ni tiwa" ló máa ń wí, bí ẹni ń dárúkọ agboolé rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló wà nínú ọ́ìlì yẹn tí kò sí nínú ti ẹlòmíràn. Ó ní, "Ṣé o rí i kí ẹ́ńjìnì yìí nọ́ọ̀kì rí?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá dé gáréèjì èyíkéyìí lónìí, irú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni ẹ óò gbọ́. Ọ̀kan á ní Total ni Toyota fẹ́. Èkejì á ní irọ́ ni, Mobil ni òun fi tọ́ ẹ́ńjìnì òun dàgbà. Ẹ̀kẹta á ní kí ẹ má da ara yín láàmú, gbogbo rẹ̀, ọ́ìlì ni. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Ohun tí ọkọ̀ tirẹ̀ fi hàn án ni kálukú ń sọ, kò sì sí ẹni tó wo ẹ̀yìn gálọ̀nù.

Èmi kò ní kí ẹ má ní orúkọ tí ẹ fẹ́ràn. Èmi náà ní. Àmọ́ ipò kẹrin ni mo fi orúkọ sí. Nọ́ńbà ló ṣáájú, lẹ́tà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ẹni tó tà á fún yín. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

1. Ẹ bi ọkọ̀ yín kí ẹ tó bi mẹkáníìkì

Ìwé kékeré kan máa ń bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́, èyí tó ṣàlàyé bí a ṣe ń lò ó. Nínú tòkunbọ̀, àfàìmọ̀ kí ìwé yìí máà ti sọnù kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí Àpápá. Kò burú. Toyota, Honda àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ kàn fi orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é wá a. Ẹ wo ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnì náà. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà sórí rẹ̀.

Ohun méjì ni ẹ ń wá nínú ìwé yẹn. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà kíki ọ́ìlì, irú bíi 5W-30. Ìkejì ni iye lítà tí ẹ́ńjìnì náà ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú Corolla 2005 sí 2008 tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, èyí tó kún gbogbo títì wa. 5W-30 ni ìwé rẹ̀ sọ, ó sì ń gba nǹkan bíi lítà 4.2 bí ẹ bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn. Gálọ̀nù tí a ń rà jẹ́ lítà 4. Ẹ ti rí i pé gálọ̀nù kan kò kún un tán. Kò tó ohun tó ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fa géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ tí ọ́ìlì kò kan àmì òkè, ẹ má bínú sí orúkọ tó wà lára gálọ̀nù. Ìṣirò lásán ni.

Kí ni 5W-30 túmọ̀ sí? Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SAE ló gbé e kalẹ̀. W yẹn dúró fún ìgbà òtútù tiwọn. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tó tutù. Bó bá ṣe kéré tó ni ó ṣe ń yára sáré dé òkè ẹ́ńjìnì nígbà tí ẹ bá ṣíná láàárọ̀. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná. Wọ́n máa ń wọn ìyẹn ní 100°C: ọ́ìlì tó jẹ́ 30 gbọ́dọ̀ wà láàárín 9.3 sí 12.5 nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní centistokes, èyí tó jẹ́ 50 sì wà láàárín 16.3 sí 21.9. Ìyẹn ni pé 20W-50 lè ki tó ìlọ́po méjì 5W-30 nínú ẹ́ńjìnì tó ti gbóná. Ìyàtọ̀ omi ẹ̀kọ àti ẹ̀kọ mímu ni.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn gáréèjì ti máa ń gbóná jù. "Oòrùn ilẹ̀ wa le, ọ́ìlì Òyìnbó fẹ́lẹ́ jù, 20W-50 ni kí ẹ dà." Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnì tí tamositáàtì rẹ̀, ohun tó ń ṣàkóso ooru rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ kì í mọ̀ bóyá Ìbàdàn ni òun wà tàbí Tokyo. Ìwọ̀n ooru kan náà ló ń gbìyànjú láti dúró sí. Ìṣòro ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti yọ tamositáàtì sọnù, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ ni pé ìwé tí Toyota tẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ olóoru sábà máa ń gba ọ́ìlì tó ki ju èyí tó wà nínú ìwé Amẹ́ríkà lọ láàyè. Fún ìdí èyí, bí ẹ́ńjìnì yín bá ti rìn jìnnà gan-an tó sì ti ń jẹ ọ́ìlì, ẹ lè gùn ún ní ìgbésẹ̀ kan sókè, láti 5W-30 sí 10W-40. Ẹ má kàn fò lọ sí 20W-50 nítorí pé òun ló pọ̀ lọ́jà. Àwọn ẹ́ńjìnì Toyota tí wọ́n ń pè ní VVT-i, irú èyí tó wà nínú Corolla yẹn, ń fi agbára ọ́ìlì yí kámúṣáàfù padà gba àwọn ihò tóóró; ọ́ìlì tó ki jù, tàbí èyí tó ti di ẹrẹ̀, á mú kó lọ́ra, iná ẹ́ńjìnì á sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà náà ni wọn yóò ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀.

Ẹ́ńjìnì 504 bàbá mi? 20W-50 bá a mu rẹ́gí. Ọjọ́ orí rẹ̀ nìyẹn.

2. Ẹ yí gálọ̀nù padà, kí ẹ ka lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀

Iwájú gálọ̀nù jẹ́ ti ìpolówó. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí ọkọ̀ eré ìje, iná tó ń jó, àti ọ̀rọ̀ bíi "super", "gold", "ultra". Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wá lẹ́tà API. Ẹgbẹ́ àwọn elépo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà ni API, wọ́n sì ní àmì róbótó kan tó dà bíi dónọ́ọ̀tì: lẹ́tà wà lókè, nọ́ńbà SAE wà láàárín. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S jẹ́ ti ọkọ̀ tó ń mu pẹtiróòlù, C jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà kejì ló ń sọ ọjọ́ orí, bí ẹ bá ṣe ń lọ síwájú nínú ABD ni ó ṣe jẹ́ tuntun tó. SF wà fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe títí dé 1988. SG dé 1993, SJ dé 2001, SL dé 2004, SM dé 2010. SN jáde ní 2010, SP ní 2020, SQ sì dé ní 2025. Fún ọkọ̀ pẹtiróòlù, tuntun lè ṣe iṣẹ́ àgbà, àgbà kò lè ṣe ti tuntun.

Nítorí náà, ẹni tó ní Corolla 2005 tó dà SF sínú rẹ̀ ti fi ọ́ìlì ọkọ̀ tó ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní ọdún mẹ́tàdínlógún sínú ẹ́ńjìnì. Mo ti rí irú gálọ̀nù bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ, tó mọ́ tónítóní, tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ojúlówó ni. Kò sí ẹni tó tan yín jẹ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbọnhangbọnhan. Ẹ̀yin ni ẹ kò kà á. Orúkọ ńlá kan náà lè ní ọ́ìlì mẹ́rin lórí àtẹ kan, láti èyí tó jẹ́ ti ayé àtijọ́ dé èyí tó bá ọkọ̀ àná mu. Nítorí náà, "Total ni mò ń lò" kò tíì sọ nǹkan kan. Quartz, ìyẹn ọ́ìlì Total, èwo nínú rẹ̀? Nọ́ńbà wo? Lẹ́tà wo?

Fún Corolla tàbí Camry tiwa, SN tàbí SP ni kí ẹ máa wá.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ Jámánì ní iṣẹ́ kan lé e. Mercedes ní nọ́ńbà tirẹ̀, bíi MB-Approval 229.5; Volkswagen ní 502 00 àti 504 00; BMW ní Longlife-04. Ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ tó yí nọ́ńbà náà ká. Bí wọ́n bá kọ "approval", ó yẹ kó jẹ́ pé Mercedes fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá kọ pé ọ́ìlì àwọn "bá a mu" tàbí "yẹ fún un", ẹni tó ṣe ọ́ìlì náà ló ń júbà ara rẹ̀.

3. Ta ló wà lẹ́yìn orúkọ?

Mo mọ̀ pé apá yìí ni ẹ wá kà.

Ohun tó wà nínú gálọ̀nù pín sí méjì: ọ́ìlì ìpìlẹ̀, tó ń kó nǹkan bíi 70 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún, àti èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn láti fọ ìdọ̀tí, láti dènà ìpẹta, láti má jẹ́ kí irin jẹ irin. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ló ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èròjà yìí káàkiri ayé: Lubrizol, Infineum, Afton àti Oronite ti Chevron. Infineum jẹ́ ti ExxonMobil àti Shell pọ̀. Ẹ tún un kà o. Mobil àti Shell tí àwọn awakọ̀ ń torí wọn jà jọ ni ilé ìdáná kan.

Ìyẹn kò sọ pé ọbẹ̀ wọn dọ́gba. Ata ọjà kan náà ni gbogbo olóúnjẹ ń rà, síbẹ̀ ẹ mọ ìdí ọbẹ̀ tí ẹ máa ń lọ. Ọ́ìlì ìpìlẹ̀ yàtọ̀, ìwọ̀n èròjà yàtọ̀, ìṣọ́ra ẹni tó ń pò ó yàtọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyàtọ̀ láàárín SP 5W-30 ti ilé-iṣẹ́ ńlá kan àti ti èkejì kéré púpọ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín SP àti SF tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan.

Ẹ tún wo bí orúkọ ṣe ń rìn kiri. Ní ilẹ̀ wa, Esso di Unipetrol, Unipetrol di Oando. AP tí bàbá mi fi ń búra di Forte Oil ní 2010, ó tún di Ardova ní 2020. National di Conoil. Texaco di MRS ní 2009. Ní 2017, NIPCO ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Mobil Oil Nigeria, ilé-iṣẹ́ náà di 11 Plc, ṣùgbọ́n gálọ̀nù Mobil ni wọ́n ṣì ń tà. Lókè òkun náà, bákan náà ni: BP ra Castrol ní 2000, Shell ra Pennzoil àti Quaker State ní 2002, Aramco ti Saudi gba ọ́ìlì Valvoline ní 2023, ti ilé-iṣẹ́ tó ti wà láti 1866. Àwọn tó ra orúkọ wọ̀nyí mọ̀ pé àwa olólùfẹ́ rẹ̀ wà lára ẹrù tí àwọn rà.

Bí a bá ti dárúkọ Castrol: láti ara epo lárà ni orúkọ yẹn ti wá. Ewé lárà tó ń hù lẹ́yìnkùlé wa, epo èso rẹ̀ ni Wakefield, Gẹ̀ẹ́sì tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, pò mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ní 1909, tó fi sọ ọ́ ní Castrol. Ẹ má lọ máa da epo lárà sínú Camry.

Ọ̀rọ̀ "synthetic" náà nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe látinú kẹ́míkà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mobil 1 gba òkìkí lórí rẹ̀ láti 1974. Nígbà tó yá, Castrol bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ́ìlì rọ̀bì tí wọ́n yọ́ mọ́ gan-an, wọ́n sì pe òun náà ní synthetic. Mobil gbé wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìpolówó ní Amẹ́ríkà. Ní 1999, Castrol ló jàre. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn ti gbòòrò. Èyí tí wọ́n yọ́ mọ́ náà dára púpọ̀, mo ń lò ó, àmọ́ ẹ má ṣe sanwó ìlọ́po méjì nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà níwájú gálọ̀nù.

Ọ́ìlì tí wọ́n pò ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Lubcon wà ní Ìlọrin, Ammasco wà ní Kánò, A-Z ní Nnewi, Tonimas ní Aba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yínmú sí wọn. Ìdájọ́ tèmi rèé: bí ọkọ̀ mi bá jẹ́ èyí tó ń gba 20W-50, tí nọ́ńbà àti lẹ́tà ọ́ìlì wọn bá bá ìwé mu, màá rà á, ọkàn mi á sì balẹ̀, nítorí mo lè rí ẹni tó ṣe é mú. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì tuntun tó fẹ́ 0W-20, màá wá èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ API. Ẹnikẹ́ni lè yẹ ìwé yẹn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Ẹ tẹ orúkọ sí i. Bí kò bá sí níbẹ̀ tí àmì dónọ́ọ̀tì sì wà lára gálọ̀nù, ẹ gbé e padà sórí àtẹ.

Àwọn ará wa ní Houston mọ èyí jù wá lọ. Kirkland tí Costco ń tà àti SuperTech tí Walmart ń tà ni ọ̀pọ̀ wọn ń dà sínú ọkọ̀. Kò sí òkìkí kankan níbẹ̀, lẹ́tà pé, owó rẹ̀ kò ga, ọkọ̀ sì ń lọ.

4. Níbo ni ẹ ti rà á?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra gálọ̀nù méjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ń tà á lẹ́bàá títì. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan tí ọmọdé mọ̀. Ó fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún mi, inú mi dùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ́ìlì náà ti fẹ́lẹ́ bí omi, ó sì ń rùn bí kẹrosíìnì. Iná ọ́ìlì pupa tàn lójú mi lórí afárá. Nígbà tí a tú sọ́ọ̀ǹpù, agbada ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ọṣẹ dúdú. Ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́, ó ní, "Mo ti sọ fún ẹ pé kí o má lo orúkọ yẹn mọ́." Orúkọ kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yẹn kò rí gálọ̀nù mi rí, àfi kó jẹ́ ike rẹ̀ nìkan.

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyí: orúkọ tó bá lókìkí jù ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù. Kò sí ẹni tó máa ṣe wàhálà láti tẹ àmì ọ́ìlì tí ẹnì kan kò mọ̀. Bí ẹ bá ti jẹ́ olólùfẹ́ orúkọ ńlá, ẹ̀yin gan-an ni oníbàárà tí àwọn onígbàrọgùdù ń wá.

Bí mo ṣe ń rà á nísinsìnyí rèé. Ilé epo tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni mo kọ́kọ́ ń lọ, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fún ní ìwé pé kó máa tà fún wọn. Eterna ló ń ta Castrol ní ilẹ̀ wa, 11 Plc ló ń ta Mobil. Ẹ lè bi wọ́n pé ta ni aṣojú wọn ní agbègbè yín. N kò sọ pé Ládípọ̀ tàbí ọjà Àràrọ̀mí ní Gate kò dára. Ojúlówó pọ̀ níbẹ̀, ayédèrú náà sì pọ̀, wọ́n sì lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ẹ ní oníbàárà kan tí ẹ mọ̀, tó mọ ilé yín, tí ẹ sì mọ ibi tí yóò wà lọ́la. Tirẹ̀ ni kí ẹ máa rà. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ sí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí, ẹni yẹn ni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú gálọ̀nù náà lọ́wọ́. Òrùka abẹ́ ìdérí gbọ́dọ̀ so mọ́ ọn láìjá. Ẹ ṣí ìdérí: bébà fàdákà tó lẹ̀ mọ́ ẹnu gálọ̀nù gbọ́dọ̀ tẹ́ rẹrẹ, kì í ṣe èyí tó ṣù tàbí tó ní gáàmù. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára gálọ̀nù àti ọjọ́ tí wọ́n pò ó kò gbọdọ̀ ṣeé fi èékánná ha kúrò. Bí ó bá jẹ́ pé inú páálí ló ti jáde, kí nọ́ńbà ara páálí bá ti gálọ̀nù mu. Ìkọ̀wé rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Ayédèrú máa ń ṣi sípẹ́lì. Ọ́ìlì fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà lítà 4 rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 3.5 lọ, láìka ike mọ́ ọn. Tí ẹ bá gbé e tó wúwo ju gálọ̀nù omi tó tó o lọ, ẹ bi ara yín pé kí ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fi kóòdù tí a ń ha sára ìdérí. Bí ó bá wà, ẹ ha á níwájú ẹni tó tà á, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ dúró de èsì.

Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ gbàgbé àwọ̀. Pupa, àwọ̀ oyin, àwọ̀ ewé, aró ni wọ́n fi ń ṣe é. Owó rẹ̀ ló ń sọ òótọ́ jù. Bí iye tí ẹnì kan ń tà á bá kéré gan-an sí ti ilé epo, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn yín.

Èyí tí wọ́n ń wọ̀n látinú drọ́ọ̀mù tàbí kẹ́ẹ̀gì sínú rọ́bà, ẹ má rà á fún ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ràn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára drọ́ọ̀mù náà.

5. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ jókòó síbòji, a máa tó ṣe tán." Ẹ má lọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ díẹ̀ lára yín." Ẹ dúró tì í. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ tó ń kánjú wà níbi gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀ kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀, kí ìdọ̀tí lè bá ọ́ìlì jáde. Fílítà tuntun ni kí wọ́n fi sí i nígbàkúùgbà. Kò sí ọ́ìlì tí òkìkí rẹ̀ lè gba ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ fílítà ọdún tó kọjá. Ìdajì owó tí ẹ fẹ́ fi gun orí orúkọ ńlá, ẹ fi ra fílítà gidi. Bí mẹkáníìkì bá ní òun á bá yín ra ọ́ìlì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé tiyín wá. Ẹ fi owó iṣẹ́ kún un díẹ̀, torí ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

6. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí

Ẹ ra ìwé kékeré sínú ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, máílì tàbí kìlómítà, orúkọ ọ́ìlì, nọ́ńbà, lẹ́tà, ibi tí ẹ ti rà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ tó ṣíná, kí ọkọ̀ sì wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á yọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Lẹ́yìn sáfíìsì mẹ́ta, ẹ óò ní ẹ̀rí tó ju ti gbogbo gáréèjì àdúgbò yín lọ.

Ìwé yìí ló gba ẹ̀gbọ́n mi kan sílẹ̀. Camry 2007 ló ní, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 2.4. Ọ́ìlì ń dín lórí géèjì, kò sì jò sílẹ̀. Ó pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan, ó sì ń bú wọn tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí a ka ìwé rẹ̀, iye tó ń dín lórí orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ́ńjìnì yẹn ló ní àìsàn: ríǹgì písítìnì àwọn Camry ìgbà náà kì í nu ọ́ìlì dáadáa, Toyota Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sì gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí rẹ̀ fún àwọn mẹkáníìkì wọn ní 2011. Ìdíwọ̀n tí wọ́n lò ni pé bí ó bá ń jẹ ju kúọ́ọ̀tì kan (ìwọ̀n tó dín díẹ̀ sí lítà kan) láàárín 1,200 máìlì, ó ti kọjá ààlà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 1,900 kìlómítà. Ọ́ìlì orúkọ èyíkéyìí kò lè wo ríǹgì sàn.

Ọ́ìlì tó tètè dúdú kò túmọ̀ sí ọ́ìlì burúkú. Ó lè jẹ́ pé ó ń fọ ìdọ̀tí tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni àwọ̀ bíi ti tíì oní-mílíìkì, omi ló ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, tàbí òórùn pẹtiróòlù, tàbí kí ó fẹ́lẹ́ láàárín ìka méjì láìpẹ́ ọjọ́.

Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì lásán. Toyota Amẹ́ríkà ń fún 5W-30 ní 5,000 máìlì, tó jẹ́ nǹkan bíi 8,000 kìlómítà, àmọ́ wọn kò ro ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjótà mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnì tó ń jó lójú kan fún wákàtí méjì kò fi kìlómítà kankan kún un, ọ́ìlì rẹ̀ sì ń gbó.

7. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ orúkọ

"Ẹ́ńjìnì ti mọ́ ọn lára." Mo ti gbọ́ èyí títí etí mi fi di. Irin ni ẹ́ńjìnì, kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tó mọ ọyàn ìyá rẹ̀. Ara ohun tí API ń bèèrè ni pé kí ọ́ìlì kan lè pò mọ́ òmíràn láìṣù. Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ tí géèjì ti gbẹ, ẹ ra orúkọ èyíkéyìí tó jẹ́ ojúlówó, tí nọ́ńbà rẹ̀ súnmọ́ tiyín, kí ẹ fi kún un. Ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì nítorí pé olówó rẹ̀ ń wá orúkọ tirẹ̀ kiri pọ̀ ju èyí tí àdàlù pa lọ.

Ibì kan péré ni mo ti ní kí ẹ rọra: ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí ọ́ìlì burúkú ti di ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣàdédé gbé e sórí synthetic tó ń fọ nǹkan gidi, ẹrẹ̀ tó ti ń dí ojú síìlì lè ṣí, kí ọ́ìlì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ fún un ní sáfíìsì kúkurú méjì, 2,000 kìlómítà lẹ́yìn èkíní, kí ẹ sì pààrọ̀ fílítà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àwọn ọlọ́kadà, ti yín yàtọ̀: kílọ́ọ̀ṣì yín ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí, àmì àwọn ará Japan fún ọ́ìlì ọ̀kadà, ẹ má bá oníkọ́rólà pín gálọ̀nù.

8. Gálọ̀nù òfìfo

Ẹ má fi sílẹ̀ ní gáréèjì. Àwọn kan ń rìn kiri láti ra gálọ̀nù òfìfo, pàápàá jù lọ ti orúkọ ńlá tí ìdérí rẹ̀ ṣì pé, ìyẹn ni gálọ̀nù tí mo rà lẹ́bàá títì lọ́jọ́sí. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á sí gọ́tà. Káfíńtà tó fẹ́ lé ikán yóò gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ kàn gbé e fún un nínú rọ́bà mìíràn. Ní ti ike yẹn, ọ̀bẹ kan wà nínú búùtù mi fún un. Mo máa ń gé e sí méjì láti ìbàdí, mo sì máa ń ya àmì iwájú rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.